Fìrídọ̀mù tí Àpèkẹ́ Gbé Lọ sí Ògùdù

Ní Ìkòsì, kò sí obìnrin tó ń wọ bùbá tó dúró dáadáa tí kò mọ Àpèkẹ́ télọ̀, ṣùgbọ́n kò sí pátákó kankan tí wọ́n kọ orúkọ Àpèkẹ́ sí. Ṣọ́ọ̀bù tó ń jókòó sí lójú ọ̀nà tó lọ sí Kétu, ti ẹlòmíì ni. Máṣíìnì nìkan ló jẹ́ tirẹ̀. Àwọn oníbàárà á gbé aṣọ wá, wọ́n á ní, "Ìyá Diwúrà ni kó bá mi rán an o, ẹ má gbé e fún ẹlòmíì." Bí aṣọ bá wá dára tán, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n á kí kú iṣẹ́. Ayé nìyẹn.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìjẹ̀bú-Igbó ni Àpèkẹ́ ti kọ́ṣẹ́. Ó gbálẹ̀, ó pọnmi, ó pọn ọmọ ọ̀gá sẹ́yìn títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Ó kù díẹ̀ kó gba fìrídọ̀mù ni baba rẹ̀ kú. Ẹ sì mọ̀ pé fìrídọ̀mù kì í ṣe ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń dá gbà. Ẹni tó mú ọmọ wá ló gbọ́dọ̀ padà wá gbà á. Á gbé oúnjẹ wá, á kúnlẹ̀ dúpẹ́, ọ̀gá á gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí, á ní, "Mo tú ọ sílẹ̀, lọ ṣiṣẹ́ là," gbogbo ilé á sì ṣe àmín. Ta ni kó wá gba Àpèkẹ́? Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Àbúrò baba rẹ̀ ní òun kò ráyè. Ọmọ náà dúró títí, ó sú u, ó ká aṣọ rẹ̀, ó gba Èkó lọ.

Láti ìgbà náà, bí abẹ́rẹ́ bá kán mọ́ ọn lọ́wọ́, bí ẹgbẹ́ télọ̀ bá ní àwọn kò lè jẹ́ kó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láìgba fìrídọ̀mù, bí ọkọ bá fi í sílẹ̀ (ọkọ náà sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́, olóríburúkú ọkùnrin), Àpèkẹ́ kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Á kàn mí kanlẹ̀, á ní, "Wọn ò tú mi sílẹ̀ ni." Ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bó ṣe gba Bíbélì gbọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Adédiwúrà. Orí máṣíìnì yẹn ni Diwúrà ti jáde lọ sí yunifásítì, níbi tó ti ń kọ́ nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, irú èyí tó máa ń wà nínú omi tí inú fi ń run èèyàn. Ọmọ náà ní ọpọlọ. Ẹnu náà sì mú, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ.

Lọ́dún tó yẹ kó lọ ṣe I.T., àwọn tíṣà rẹ̀ ní kí olúkúlùkù lọ wá ibi iṣẹ́ tí yóò gbà á fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tí kò bá ṣe é kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Diwúrà délé, ó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀.

Àpèkẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. "Ṣé pé wọ́n fẹ́ kó o lọ kọ́ṣẹ́?"

"Bí ẹni ń kọ́ṣẹ́ náà ni, Mummy."

"Ehn-ẹn!" Ojú Àpèkẹ́ là. Gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ ń kà nínú ìwé, kò yé e rí. Ṣùgbọ́n kí èèyàn kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ta ló fẹ́ kọ́ Àpèkẹ́ nípa ìyẹn? Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló ra aṣọ funfun tó nípọn, ó rán kóòtù tí àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò máa ń wọ̀, ó fi àpò méjì sí i, ó tẹ etí rẹ̀ bí ẹni ń ránṣọ fún ìyàwó gómìnà.

Wíwá iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Diwúrà rìn láti Ọjọ́ta dé Oregun, ó rìn padà. Ibi kan ní àwọn kì í gba akẹ́kọ̀ọ́. Ibi kejì ní kó fi lẹ́tà sílẹ̀, àwọn máa pè é, bí ẹni pé ó ní fóònù. Níbòmíì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kò tilẹ̀ jẹ́ kó wọlé, ó ní, "Aunty, ta lẹ mọ̀ níbí?" Ìgbà tí bàtà rẹ̀ fẹ́ẹ̀ lu ni ilé àyẹ̀wò kékeré kan ní Ògùdù gbà á. Àwọn oní píọ̀ wọ́tà ló máa ń gbé omi wá síbẹ̀ kí wọ́n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá Charles ló ni ín, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ìhà Benin, tó ti pẹ́ ní Èkó débi pé Yorùbá rẹ̀ já geere.

Lọ́jọ́ tí ọmọ máa bẹ̀rẹ̀, Àpèkẹ́ ní òun ń bá a lọ. Diwúrà bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ìyá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ nínú ọ́fíìsì àwọn ẹni ẹlẹ́ni.

"Ẹ gba ọmọ mi, sà. Mo fà á lé yín lọ́wọ́. Bó bá ṣàṣìṣe, ẹ bá a wí. Bó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ yìn ín. Tó bá parí, èmi náà ni n óò padà wá gbà á lọ́wọ́ yín."

Ọ̀gá Charles rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ah, Mama, I.T. mà ni o." Diwúrà ń wo ilẹ̀, ó ń gbàdúrà kí ilẹ̀ náà lanu.

Wọ́n ń bọ̀ ní géètì, Àpèkẹ́ di ọmọ lápá mú. "Gbọ́ mi dáadáa. Máa dé kí ọ̀gá tó dé. Gba ìgbálẹ̀ kí wọ́n tó ní kó o gbà á. Tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, dúró síbi tí ojú ẹ máa tó o. Tó o bá fẹ́ béèrè nǹkan, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti jẹun, má béèrè lọ́wọ́ ẹni tébi ń pa. Láyé ẹ, má sọ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tèmi."

"Ẹ ṣé, Mummy." Ọ̀rọ̀ náà gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde.

Kí ni wọ́n ń fún Diwúrà ṣe níbẹ̀? Ìgò ni. Ó ń fọ ìgò láàárọ̀, ó ń fọ ìgò lọ́sàn-án. Bí kò bá fọ ìgò, ó ń gbálẹ̀, bí kò bá gbálẹ̀, wọ́n á rán an lọ ra oúnjẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà níbòmíì ń sọ pé àwọn ti ń lo ẹ̀rọ báyìí, báyìí. Inú ń bí i. Ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣe ẹrú ni. Kò mọ̀ pé nínú iṣẹ́ yẹn, ìgò ni ìpìlẹ̀. Ìgò tí kò bá mọ́ á parọ́ mọ́ omi, omi tó dára á di èyí tó burú. Ọ̀gá Charles kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan omi oníbàárà títí dìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá tó balẹ̀ lórí ìgò tẹ́ni náà fọ̀. Kò kàn ṣàlàyé ni. Àwọn ọ̀gá kì í ṣàlàyé.

Lọ́jọ́ kan, kò tíì pé oṣù kan tó débẹ̀, omi dà sílẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà. Ọ̀gá Charles ní, "Diwúrà, bá wa nù ún."

Diwúrà kò gbéra. "Sà, èmi kọ́ ni cleaner. Mi ò wá láti yunifásítì wá fọ ìgò àti ilẹ̀. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tèmi."

Ọkùnrin náà kò pariwo. Ì bá sì dára bó bá pariwo, torí ẹni tó pariwo ṣì lè yọ́nú. Ó mú ìgbálẹ̀ olómi, ó nu ilẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní, "Okay. Máa lọ sílé." Diwúrà gbé báàgì. Ó gbé ìgbéraga náà jáde bí ẹni gbé adé.

Adé náà já bọ́ kó tó dé Ọjọ́ta. Ó ní òun máa wá ibòmíì kí ìyá òun tó gbọ́. Ó délé nírọ̀lẹ́ yẹn, ó bá Àpèkẹ́ tó ń sọ fún aládùúgbò pé, "Ọmọ mi ń kọ́ṣẹ́ ní Ògùdù o, omi táwa ń mu yìí, àwọn ló ń yẹ̀ ẹ́ wò." Ojú ìyá náà ń dán. Kò sí bí Diwúrà ṣe fẹ́ la ẹnu. Ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, ó tún ní ó di ọ̀la.

Níbi gbogbo tó tún lọ, wọ́n ní ààyè ti kún. Kò ní ìgboyà láti padà sí Ògùdù lọ tọrọ àforíjì, ìyẹn gan-an ni ohun tí ìyá rẹ̀ ì bá kọ́kọ́ ṣe. Bí ọjọ́ ti ń lọ, ó di pé á múra láàárọ̀, á ki kóòtù funfun bọ báàgì, á kúrò ní Ìkòsì, á sì lọ jókòó ti Loveth, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta kọ́ọ̀lù lábẹ́ agboòrùn ní Ọjọ́ta. Nígbà náà, fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ni, èrò máa ń tò láti pe ará ilé wọn. Diwúrà á máa bá Loveth wo aago, á máa ka ìṣẹ́jú fún wọn.

Loveth ní, "Diwúrà, go tell your mama. Ìyá ẹ ò ní pa ẹ́."

"Ì bá pa mí, ó sàn," ni Diwúrà dáhùn. "Kò ní pa mí, ó máa sunkún ni."

Ohun tó wá burú jù ni kóòtù náà. Aṣọ tí a kò wọ̀ kì í dọ̀tí, télọ̀ sì ni ìyá rẹ̀. Nítorí náà ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, kó tó lọ sílé, Diwúrà á yọ kóòtù, á fi erùpẹ̀ ra á lọ́wọ́, á fa báírò sí i létí àpò. Ní Sátidé, Àpèkẹ́ á jókòó ti báàfù, á máa fọ ìdọ̀tí náà pẹ̀lú orin, á ní, "Èyí dára. Aṣọ ọmọ iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní, wọn ò fún un níṣẹ́ ṣe ni." Diwúrà á wọ yàrá lọ, á fi orí pamọ́ sínú ìrọ̀rí. Ẹ̀rí ọkàn ń jẹ ẹ́ bí ikán ń jẹ igi.

Ọ̀sẹ̀ tí oṣù mẹ́fà náà máa pé wá dé. Àpèkẹ́ ra ìrẹsì, ó ra ẹran, ó gbé aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jáde, ó lọ̀ ọ́.

"Mummy, kí lẹ fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe?"

"Fìrídọ̀mù ẹ ńkọ́?"

"Mummy, kò sí fìrídọ̀mù nínú I.T. Wọ́n á kàn buwọ́ lùwé, ó tán."

"Iṣẹ́ wo ló wà láyé tí ò ní fìrídọ̀mù? Èmi ni mo mú ẹ lọ, èmi ni mo máa gbà ẹ́. Ṣé o fẹ́ rí bí tèmi ni?" Ìyá náà ká aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì náà. "Diwúrà, mi ò fẹ́ kó o rí bí tèmi. Mo fẹ́ kí n gbọ́ ọ létí mi pé wọ́n tú ẹ sílẹ̀. Tí mo bá ti gbọ́ ìyẹn, àbùṣe ti bùṣe."

Bó bá jẹ́ pé ó sọ ọ́ níbẹ̀! Ṣùgbọ́n irọ́ máa ń bí ọmọ ni. Diwúrà ní ọ̀gá òun ti rìnrìn àjò, kò ní sí nílé lọ́sẹ̀ yẹn. Àpèkẹ́ wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ó dáa." Diwúrà rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti ro ó pé bí ọ̀gá kò bá sí, ẹni tó bá tẹ̀ lé e á gba oúnjẹ lọ́wọ́ òun, á sì jẹ́ṣẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, oòrùn mú. Diwúrà wà lábẹ́ agboòrùn Loveth, ó gbójú sókè, ó rí obìnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀, tó gbé kúlà aláwọ̀ ewé rù. Ó mọ kúlà náà. Ó mọ ìrìn náà. Bàbá Adéníran, àgbà ìjọ wọn ní Ìkòsì, ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú àpò mínírà lọ́wọ́, torí fìrídọ̀mù kì í wà láìsí àgbà tó máa gbàdúrà. Kí Diwúrà tó lè dìde, wọ́n ti wọ ọkọ̀ Ògùdù.

Ó fò lé ọ̀kadà. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ti wà ní géètì. Lẹ́yìn mọ́tò kan tí wọ́n gbé síbẹ̀ ló dúró sí, ó ń gbọ́ ohun gbogbo.

Ọ̀gá Charles ti jáde. Bàbá Adéníran ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. A wá gba ọmọ wa."

"Ọmọ wo, sà?"

"Adédiwúrà."

"Ah, ọmọbìnrin yẹn?" Ọkùnrin náà wo kúlà, ó wo ìyá. "Ó ti pẹ́ tó ti kúrò níbí, sà. Kò tilẹ̀ pé oṣù kan lọ́dọ̀ wa."

Bàbá Adéníran yíjú sí Àpèkẹ́. Àpèkẹ́ kò mira. Kúlà ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé obìnrin yẹn kì í purọ́, kì í purọ́ fún oníbàárà pé aṣọ ti fẹ́ẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ télọ̀ wo ni kì í pa ìyẹn?

"Mo mọ̀, sà," ni Àpèkẹ́ wí. "Ó ti sọ fún mi tipẹ́. Ìyẹn gan-an ló gbé mi wá."

Ó sọ kúlà kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà títì tó gbóná, tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. "Ọmọ tó bá parí iṣẹ́, ìyá ẹ̀ á wá dúpẹ́. Èyí tí ò bá parí, ìyá ẹ̀ á wá bẹ̀bẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ṣe fún yín, ṣùgbọ́n mo mọ ẹnu ẹ̀. Ẹ dárí jì í, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó máa gbé ọ̀ràn yìí kiri."

"Mama, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò bínú sí i mọ́."

"Ẹ fẹnu yín sọ ọ́, sà."

Kò yé Ọ̀gá Charles, ṣùgbọ́n ojú ń tì í, ó sì ń ṣàánú rẹ̀. "Okay, Mama. Mo tú u sílẹ̀."

"Àmín," ni Àpèkẹ́ wí. Òun nìkan ló ṣe é. Bàbá Adéníran ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn, ó rọra ṣe é.

Ìgbà yẹn ló yẹ kí Diwúrà jáde. Gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe kò ju kó rin ìwọ̀nba ìṣísẹ̀, kó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń wo ìyá rẹ̀ tó ń bu ìrẹsì fún àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, tó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, tó ń ní, "Ẹ bá mi jẹ ẹ́ o, ẹ bá mi gbàdúrà fún ọmọ mi." Ẹ̀rín yẹn ló pa á lára ju ohunkóhun lọ.

Ó dé Ìkòsì ní àkókò tó máa ń dé, kóòtù nínú báàgì. Oòrùn kò tíì wọ̀. Àpèkẹ́ jókòó nínú yàrá, ó ti bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dà ti lẹ̀ mọ́ aṣọ náà níbi orúnkún. Ó ti bu ìrẹsì sílẹ̀ sínú abọ́, ó dé e.

"O káàbọ̀. Jẹun."

Diwúrà kúnlẹ̀. "Mummy, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín."

"Má sọ ọ́."

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́—"

"Mo ní má sọ ọ́." Kò gbóhùn sókè. "Tó o bá sọ ọ́, ó di dandan kí n gbọ́. Tí mo bá gbọ́ ọ, mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe. Ní Mọ́ńdè, o máa padà síbẹ̀ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ, o máa bẹ̀ ẹ́ kó tún gbà ẹ́, tó bá jẹ́ ìgò ló ní kó o fọ̀ fún gbogbo ọdún, wàá fọ̀ ọ́. Tí ẹgbẹ́ ẹ bá jáde ṣáájú ẹ, kí wọ́n jáde. Ní báyìí, jẹun."

Diwúrà ṣí abọ́. Ó bu ìrẹsì sẹ́nu. Ìrẹsì fìrídọ̀mù ni, ẹran méjì ló wà lórí rẹ̀, èyí tó sàn jù nínú kúlà. Kò lè gbé e mì.

Àpèkẹ́ dìde, ó wá dúró tì í. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ti gún káàkiri. "Wọ́n ti tú ẹ sílẹ̀. Mo fi etí mi gbọ́ ọ. Lọ, kó o ṣiṣẹ́ là."

Ó dúró de àmín. Diwúrà la ẹnu, ṣùgbọ́n ìrẹsì ló wà níbẹ̀, ẹkún sì wà lẹ́yìn ìrẹsì, ohùn kankan kò jáde. Kò sí ẹlòmíì nínú yàrá tó lè bá a ṣe é.

"Àmín," ni ìyá rẹ̀ dáhùn fúnra rẹ̀, ó sì gbé kúlà òfìfo náà jáde lọ fọ̀.